Ọdẹ Tí Ó Lọ Bẹ Òkun Kí Ó Padà Wálé

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ Òkè-Àgbọ̀nrín. Ẹni tí ó bá ń jẹ gúgúrú kí ó yára jẹ ẹ́ tán, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kò fẹ́ ariwo ẹnu. Èmi Lákíntọ́, tí mo ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ igbó mẹ́rìndínlógún tí ẹ kò gbọ́ orúkọ wọn rí, tí mo bá ẹfọ̀n jà títí tí ẹfọ̀n fi ní kí a jọ sinmi díẹ̀, n kò ní sọ ìtàn ara mi lónìí. Ìtàn ọ̀gá mi ni n ó sọ, Ọdẹ́kúnbi, ẹni tí ó kọ́ mi ní ìbọn yíyìn. Ọdún tí ó kú ni ó sọ ọ́ fún mi, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó sì sọ ọ́. Bí ẹ bá rí i tí ojú mi pọ́n nígbà tí mo bá dé ibì kan, ẹ má bi mí, èéfín ni.

Ọmọ etí òkun ni Ọdẹ́kúnbi fẹ́. Àwẹ̀ró ni orúkọ obìnrin náà, ará Etí-Yanrìn ni, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé sórí òpó, tí omi ń gba abẹ́ ibùsùn wọn kọjá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Àṣà wọn ni pé obìnrin kì í bí àkọ́bí rẹ̀ sí ilé ọkọ, ilé ìyá rẹ̀ ni ó ti ń bí i. Nítorí náà, nígbà tí oyún Àwẹ̀ró pé oṣù mẹ́jọ, ọkọ rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Yèyé Mosúnmọ́lá, opó apẹja kan tí òkun ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ láti ogún ọdún. Nǹkan kan tún wà tí àwọn ará ibẹ̀ gbà gbọ́ ju bí ẹ ṣe gba èmi gbọ́ lọ. Wọ́n ní omi kíkún ni ọmọ ń bá wá sáyé, omi fífà sì ni àgbàlagbà ń bá lọ. Agbẹ̀bí wọn kì í wo ojú oòrùn rárá, ẹsẹ̀ òpó ilé ni ó ń wò.

Ọjọ́ tí ìrọbí mú Àwẹ̀ró, omi fà bí ó ti máa ń fà. Wọ́n dúró kí ó kún, kò kún. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, kò kún. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ kẹta, òkun ti lọ débi pé ojú kò tó o mọ́. Ibi tí omi wà tẹ́lẹ̀ di ẹrọ̀fọ̀ lọ salalu, ọkọ̀ àwọn apẹja fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹja ń la ẹnu nínú ìwọ̀nba omi tí ó kù nínú kòtò. Agbẹ̀bí jáde síta, ó ní ọmọ ti kọ orí sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dúró de omi, àti pé bí omi kò bá dé kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ìyá àti ọmọ ni yóò lọ. Àwẹ̀ró kò lè ké mọ́ ní àkókò yẹn. Okùn tí wọ́n so mọ́ igi àjà ni ó kàn dì mú, tí ó ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀rù ba ọ̀gá mi. Ó ní òun kò mọ irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ rí, nítorí kò sí ohun tí òun lè yìnbọn sí. Yèyé Mosúnmọ́lá ni ó kọ́kọ́ dìde. Ó mú àjẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi ń tu ọkọ̀ láyé ọjọ́un, ó fi ọ̀já di inú, ó sì sọ pé òun ń lọ sí ibi tí òkun wà láti lọ bẹ̀ ẹ́. Àwọn ará ilé ní kí ó má lọ. Ó dá wọn lóhùn pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọdẹ́kúnbi gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ní kò sí ayé tí ìyá ìyàwó òun yóò dá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rìn.

Ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ náà kí ó yé yín, nítorí mo rí àwọn kan tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí àwọn méjèèjì ń lọ pè, òun gan-an ni yóò pa wọ́n. Bí òkun kò bá gbọ́ ẹ̀bẹ̀, Àwẹ̀ró yóò kú. Bí ó bá gbọ́, ojú ọ̀nà ni yóò bá wọn, ní ibi tí kò sí igi tí a lè gùn, tí kò sí òkè tí a lè sá sí. Wọ́n mọ èyí kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní àkàbà ilé. Ẹni tí ó bá ṣì fẹ́ rẹ́rìn-ín kí ó máa rín in.

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí ọ̀gá mi fi ṣe àṣìṣe tí ó kù díẹ̀ kí ó pa á. Ó wẹ̀yìn, ó rí ìyá ìyàwó rẹ̀ tí ó ń fa ẹsẹ̀ yọ nínú ẹrọ̀fọ̀ títí dé orúnkún, ojú sì tì í. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ọkùnrin wo ni yóò máa wo àna rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tí yóò sì máa rìn lọ lófìfo? Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí Yèyé gun ẹ̀yìn òun. Ìyá náà kọ̀. Ó ní ẹrẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ tí ènìyàn ń ru ẹrù rìn lórí rẹ̀. Ọ̀gá mi kò gbọ́, ó rò pé ìtìjú obìnrin ni, ó sì gbé e pọ̀n tipátipá. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni ó gbé. Ní ẹ̀karùn-ún, ilẹ̀ gbé e mì dé itan. Ó fa ẹsẹ̀ ọ̀tún, tòsì wọlẹ̀. Ó fa tòsì, ó rì dé ìbàdí.

Yèyé ti bọ́ sílẹ̀ ní tirẹ̀, ó fi àyà lélẹ̀ pátápátá, ó sì na àjẹ̀ sí i.

"Ọkọ Àwẹ̀ró, dọ̀bálẹ̀," ó ní.

Ọ̀gá mi, nínú ìdààmú yẹn, dáhùn pé òun ti kí wọn láàárọ̀.

"N kò ní kí o kí mi. Ẹrẹ̀ ni kí o dọ̀bálẹ̀ fún. Ẹni tí ó bá dúró lórí rẹ̀ ni ó ń gbé mì, ẹni tí ó bá tẹ́ ara sílẹ̀ fún un, á jẹ́ kí ó kọjá. Ju ìbọn yẹn nù."

Bí wọ́n ṣe ní kí ọdẹ ju ìbọn nù nìyẹn! Ó jù ú. Ó fi àyà lélẹ̀, ó di àjẹ̀ mú, ó ń fà bí aláǹgbá tí wọ́n lù ní ìdí, títí ẹrẹ̀ fi tu ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìró burúkú kan. Àyà ni àwọn méjèèjì fi wọ́ kọjá ibẹ̀. Wọ́n dé orí yanrìn líle. Wọ́n kàn gbé ojú sókè wo oòrùn, oòrùn sì ti wà láàárín orí.

Wọ́n dé ìlú àwọn Alákàn lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ni gbogbo ará ìlú náà fi ń rìn, àbùkù ńlá sì ni lójú wọn kí àlejò fi iwájú rìn wọ ìlú. Wọ́n fi ẹmú yí ẹsẹ̀ ọ̀gá mi ká, wọ́n ní àfi kí ó rìn bí ọmọlúàbí. Báyìí ni ọkùnrin tí ó ti lé ẹkùn nínú igbó ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn láàárín ọjà, tí àwọn ọmọ akàn ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, tí ìyá ìyàwó rẹ̀ sì ń fi ẹ̀gbẹ́ tẹ̀lé e. Èmi ìbá ti fọ́ wọn jẹ, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ní ìyàwó tí ń rọbí. Ọba wọn jókòó sí ẹnu ibodè kejì, ó tóbi tó ilẹ̀kùn ààfin, ojú rẹ̀ méjèèjì sì nà sókè lórí ọ̀pá, nítorí ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ó ní òun kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá láìjẹ́ pé ó já àlọ́ òun.

"Kí ni ó ń lọ tí kò dágbére, tí ó ń bọ̀ tí kò kan ilẹ̀kùn, tí onílé kan kò sì ní kí ó jókòó rí?"

Ọdẹ́kúnbi yára dáhùn pé ikú ni, nítorí òun nìkan ni ó wà lọ́kàn rẹ̀ láti àárọ̀. Alákàn na ojú rẹ̀ kan sí i.

"Ikú kì í lọ," ó ní. "Ikú máa ń wà nílé ni."

Ọ̀gá mi ní ọ̀rọ̀ yẹn dà bí ẹni pé wọ́n ti wá sọ nǹkan fún òun láti Etí-Yanrìn. Yèyé ni ó gba ẹnu rẹ̀ sọ ọ́, ó ní omi òkun ni, òun gan-an ni àwọn sì ń wá. Alákàn yẹ̀bá lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń kọjá, ó bi wọ́n ní ohùn jẹ́jẹ́ pé kí ló wá dé tí àwọn ènìyàn kò fi ní kí ó jókòó. Wọ́n yára kọjá, oòrùn ni wọ́n ń wò.

Oòrùn ti yẹ̀ nígbà tí wọ́n rí àwọn tí ń sá aṣọ. Ènìyàn ni wọ́n, ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n jókòó sórí egungun àwọn ọkọ̀ tí ó ti rì láyé àtijọ́, wọ́n sì sá aṣọ wọn sórí igi ọkọ̀ náà kí ó gbẹ. Gbogbo wọn ni òkun ti gbé rí. Inú wọn dùn gan-an lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí Yèyé ń lọ ṣe, wọ́n yí i ká, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní omi náà ni àwọn ń mu ní ìgbà gbogbo tí ó bá ti kún, wọ́n ní òní ni ooru oòrùn kọ́kọ́ kan àwọn lára, kí ó jọ̀wọ́, kí ó jẹ́ kí aṣọ gbẹ ná, kí ó di ọ̀la. Ọ̀gá mi ní òun kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ tí ó dun òun bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn mìíràn kò bẹ̀bẹ̀ ní tiwọn, ṣe ni wọ́n dúró dí ọ̀nà.

Ọkùnrin kan bọ́ síwájú láàárín wọn, ọ̀dọ́ ni, irun rẹ̀ dúdú kirikiri. Yèyé Mosúnmọ́lá rí i, àjẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ni.

"Mosún," ọkùnrin náà ní. "O ti darúgbó."

"Ẹ̀yin ni ẹ kò dúró kí a jọ darúgbó," ó dáhùn. Ó ń sunkún, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún a máa ń ríran. Ó tọ́ka sí oòrùn, ó ní Àwẹ̀ró ni ó wà lórí ìkúnlẹ̀, pé omi kíkún ni ọmọ rẹ̀ ń dúró dè.

"Àwẹ̀ró tí mo fi sílẹ̀ lórí ẹní?"

"Òun náà ni."

Ọkùnrin náà lọ sí ibi tí ó sá aṣọ sí, ó fọwọ́ kàn án, kò tíì gbẹ. Ó ká a, ó ró o mọ́ra bí ó ti tutù náà. Nígbà náà ni obìnrin kan lọ ká tirẹ̀, lẹ́yìn náà ẹlòmíràn, títí gbogbo wọn fi ká aṣọ wọn, wọ́n sì padà lọ dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀ wọn láti dúró de omi. Ọ̀nà ṣí. Ẹ fún mi lómi mu níbẹ̀ yẹn, èéfín yìí pọ̀ jù.

Níkẹyìn, wọ́n rí òkun. Ó jókòó. Kò ru, kò hó, ó dúró lóòró láti ìhà kan ayé dé ìhà kejì, ó ga ju ìrókò mẹ́ta lọ, ẹja sì ń lọ ń bọ̀ nínú rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń lọ ń bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ni ó ba ọ̀gá mi lẹ́rù jù. Yèyé kúnlẹ̀, ó sọ ẹjọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ọ̀kan pe méjì. Ohùn kan jáde wá, ohùn àgbàlagbà tí inú ti ń bí tipẹ́.

"Láti ọjọ́ tí ayé ti ṣẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mò ń wá kí yín. Mo ń gbé ẹja bọ̀, mo ń gbé iyọ̀ bọ̀. Ẹ̀yìn yín ni mo máa ń bá. Bí ẹ bá ti gbúròó mi, ẹ ó kó agbọ̀n yín, ẹ ó sá. Èwo ni ti kí n máa lọ sí ilé tí wọ́n ti ń sá fún mi? Bí ẹ bá fẹ́ kí n wá, kí ẹnì kan dúró. Kí ó kọjú sí mi, kí ó kí mi káàbọ̀. Ẹnì kan péré."

Ọ̀gá mi kò jẹ́ kí Yèyé la ẹnu. Ó ní òun ni. Ó ní òun ti wo ẹkùn lójú, òun ti wo iwin olórí méje lójú, kò sí ohun tí ó ń bọ̀ tí òun yóò kọ ẹ̀yìn sí. Ó ní kí Yèyé máa lọ bá ọmọ rẹ̀, nítorí ìyá ni obìnrin ń fẹ́ rí ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, òótọ́ ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń parọ́. Yèyé wò ó, ó fi ọwọ́ kan orí rẹ̀, ó sì yíjú sílé, ó ń lọ pẹ̀lú àjẹ̀ rẹ̀.

Ọdẹ́kúnbi dúró títí ó fi rí ìyá náà bí ọmọdé lókèèrè. Ó wo oòrùn, ó rí i pé kò ní pẹ́ wọ̀. Ó wá kọjú sí òkun, ó ní kí ó máa bọ̀.

Òkun dìde. Ẹ̀yin ará mi, ẹnu dùn ún rofọ́. Ìgbà tí omi náà ṣí kúrò ní ìjókòó, ilẹ̀ mì, ọ̀run ṣókùnkùn, ìró kan sì ti inú rẹ̀ wá tí ó wọ inú eegun ọ̀gá mi lọ. Ó la ẹnu láti kí i, ohùn kò jáde. Ó ní òun kò pinnu rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ òun ni ó yí padà, kí òun tó mọ̀, òun ti ń sá. Ọjọ́ tí ó sọ ọ́ fún mi, mo fẹ́ tù ú nínú, mo ní akin tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bógun lọ. Ó ní kí n pa òwe yẹn mọ́ sápò.

Ó sá títí ó fi bá Yèyé Mosúnmọ́lá lójú ọ̀nà. Yèyé gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì yíjú wò ó. Ọ̀gá mi kò dúró, kò na ọwọ́ sí i. Ó kọjá lára rẹ̀. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́yìn ara rẹ̀ ni ó sọ fún mi pé òun ń gbọ́ títí di ọjọ́ tí a jọ jókòó yẹn. Ó gbọ́ ohùn ìyá náà, kò gbọ̀n, kò yára, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú àárẹ̀. Ẹ rọra máa bọ̀, aboyún wà nílé."

Ìró náà sì rọlẹ̀. Omi tí ó ń bọ̀ wá pa gbogbo ayé rẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó bo ìlú àwọn tí ń sá aṣọ, ó bo ìlú Alákàn, ó gbé ọ̀gá mi léfòó kọjá ibi ẹrọ̀fọ̀, kò sì jù ú lu nǹkan kan. Ìgbà tí ó di àkàbà ilé mú, omi kan òpó. Ìgbà tí omi kan òpó, ọmọ ké. Obìnrin ni.

Wọ́n wẹ ọmọ, wọ́n wẹ ìyá. Àwẹ̀ró gbé ojú sókè.

"Yèyé mi dà?"

"Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn," Ọdẹ́kúnbi ní.

Ó sọ fún àwọn àgbà ìlú pé Yèyé bá ọkọ rẹ̀ pàdé lọ́nà, ó sì yà díẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sọ ìyókù fún ẹnikẹ́ni. Ojoojúmọ́ ni Àwẹ̀ró ń bu oúnjẹ ìyá rẹ̀ sílẹ̀, tí ó ń fi awo dé e, tí ó sì ń dà á nù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò tún béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá mi ní ìbá sàn fún òun kí ó máa béèrè. Bí ó bá ti gbé ọmọ wá sí iwájú òun, òun á rántí pé òun fẹ́ lọ wo àwọ̀n, tàbí pé ẹnì kan ń pe òun nísàlẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ pé, wọ́n kó omi àti iyọ̀ àti oyin sílẹ̀ láti sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n ní kí baba sọ tirẹ̀, ó ní Ọdẹ́wùmí. Wọ́n ní kí ìyá sọ tirẹ̀. Àwẹ̀ró ti ìka bọ omi, ó fi kan ọmọ lẹ́nu.

"Yéwándé," ó ní.

Ta ni kò mọ̀ pé a kì í sọ ọmọ ní orúkọ yẹn bí ìyá àgbà rẹ̀ bá wà láàyè? Bàbá àgbàlagbà kan rọra bi í pé ta ni ó sọ fún un. Àwẹ̀ró kò wo bàbá náà, ọkọ rẹ̀ ni ó ń wò.

"Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi. Ọjọ́ méje ni ó ti ń kọ ẹ̀yìn sí ọmọ yìí."

Ó dìde, ó gbé ọmọ náà kọjá láàárín àwọn àgbà, ó sì gbé e dúró níwájú rẹ̀. Ọ̀gá mi ní ẹsẹ̀ òun tún fẹ́ yí padà. Ó ní òun dì í mú. Ó gbé ojú sókè, ó wo ojú ọmọ náà, ọmọ náà la ojú sí i, ó ń wò ó. Ọdẹ́kúnbi kúnlẹ̀ lórí pákó ilé àna rẹ̀, ohùn tí kò jáde lọ́jọ́sí sì jáde.

"Ẹ káàbọ̀, Yèyé," ó ní.

Ẹ dìde ńlẹ̀, ìtàn mi ti délé, èmi náà ń lọ sílé mi. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá wà láàyè nínú yín, kí ó yà kí i kí ó tó sùn.